Ọwọ́ Òsì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìfiwéra Àwọn Prelude Kúkúrú fún Píánò

Orin píánò kan wà tí gígùn rẹ̀ kò ju báà 16 lọ (báà ni àwọn ìpín kéékèèké tí wọ́n pín orin sí lórí ìwé), tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í lò tó ìṣẹ́jú kan lórí rẹ̀. Òmíràn jẹ́ báà 13 péré, síbẹ̀ ó lè mú kí ọrùn ọwọ́ máa ro ẹni tó ti ń tẹ píánò láti ọdún márùn-ún. Ẹnì kan náà ló kọ méjèèjì, inú ìwé kan náà ni wọ́n wà, prelude sì ni orúkọ àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fi kíkúrú nìkan yan èyí tó fẹ́ kọ́, àfàìmọ̀ kó má yan èyí tó máa sú u kó tó dé ìdajì.

Láyé Bach, olórin Jámánì tó ti ṣáájú Chopin, prelude sábà máa ń ṣáájú orin mìíràn ni. Frédéric Chopin ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 1839, prelude 24 rẹ̀ jáde, Op. 28 (Op. ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ olórin), ọ̀kọ̀ọ̀kan fún kíì kan (kíì níbí ni ìdílé ohùn tí orin dúró lé, kì í ṣe èyí tí ìka ń tẹ̀), láti C major títí dé D minor, láìsí orin ńlá kankan tó tẹ̀ lé wọn. Prelude fúnra rẹ̀ ti di odindi orin. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: Alexander Scriabin kọ 24 tirẹ̀, Op. 11, láàárín 1888 sí 1896, ó sì tẹ̀ lé ètò kíì Chopin gẹ́lẹ́. Sergei Rachmaninoff ní tirẹ̀ kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀: ọ̀kan ní 1892, mẹ́wàá nínú Op. 23, mẹ́tàlá nínú Op. 32 ní 1910, títí wọ́n fi pé 24.

Wọ́n pọ̀, àmọ́ àwọn tí ẹni tó ń wá nǹkan kúkúrú sábà máa ń gbọ́ orúkọ wọn kò pọ̀. Àwọn yẹn ni mo fẹ́ fi wéra.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ọwọ́ òsì ló ṣáájú. Bí ẹ bá ṣí ìwé orin, ojú máa ń sáré lọ sókè, síbi tí orin tí etí mọ̀ wà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kà. Nínú prelude ìgbà Romantic, ìyẹn ìgbà Chopin àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ọ̀tún sábà máa ń gba adùn, ọwọ́ òsì á gba iṣẹ́. Bí ẹ bá lè tẹ ọwọ́ òsì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, kódà ní ìdajì ìyára, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, orin yẹn kò ju agbára yín lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọwọ́ ọ̀tún tó rọrùn kò ní gbà yín sílẹ̀.

Èkejì ni bí àtẹ́lẹwọ́ yín ṣe fẹ̀ tó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn tó kọ orin wọ̀nyí náà kò ní ìwọ̀n ọwọ́ kan náà, ohun tí ọwọ́ kálukú lè ká ló sì kọ sílẹ̀: ọwọ́ Rachmaninoff tóbi débi pé òkìkí rẹ̀ kàn, ti Scriabin sì kéré. Ẹ na àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín yín sórí píánò, láti C kan sí C tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá lè tẹ octave yẹn láìjẹ́ pé ọwọ́ yín le gbagidi, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin yìí ṣeé yàn fún yín. Bí ó bá ń dùn yín, ẹ yọ C minor Chopin àti C-sharp minor Rachmaninoff kúrò lọ́kàn báyìí, kí ẹ má fi ìrora ra orúkọ.

Ẹ̀kẹta ni ìwé orin: iye owó rẹ̀ àti bóyá ó ṣeé gbára lé. Chopin kú ní 1849, Scriabin ní 1915, Rachmaninoff ní 1943. Níbi tí ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin bá ń parí lẹ́yìn 70 ọdún tó kú, gbogbo orin tí mo máa dárúkọ ti di ti gbogbo ayé. Lórí IMSLP, ilé ìkówèésí orin orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ẹ lè gba wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò sanwó ọmọ ẹgbẹ́ kàn máa dúró díẹ̀ kí fáìlì tó ṣí. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìtẹ̀jáde àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn olóòtú ti fi àmì ìka, àmì pẹ́dàlì àti èrò tiwọn kún, láìfi hàn yín èyí tó jẹ́ tiwọn àti èyí tó jẹ́ ti Chopin. Nínú àwọn ọ̀fẹ́, ìtẹ̀jáde Karl Mikuli ni mo máa kọ́kọ́ wá, torí ọmọ ẹ̀kọ́ Chopin ni.

Ẹni tó bá fẹ́ sanwó, kó ra Urtext (ìtẹ̀jáde tó ń wá ohun tí olórin fúnra rẹ̀ kọ) ti ilé ìtẹ̀wé Henle ní Jámánì, tàbí National Edition tí Jan Ekier ṣe olóòtú rẹ̀ ní Pólàńdì. Prelude 24 ló máa bá nínú ìwé kan, nítorí náà iye tí orin kọ̀ọ̀kan já sí kò tó nǹkan. Ẹ ṣọ́ra fún ìtẹ̀jáde tí wọ́n ti mú rọrùn. Wọ́n máa ń yí kíì padà, wọ́n á sì yọ àárín kọ́ọ̀dù, ìyẹn nóòtì mélòó kan tí a tẹ̀ pa pọ̀, dànù. Nínú E minor Chopin, àárín kọ́ọ̀dù gan-an lorin náà.

Ẹ̀kẹrin, ohun èlò. Píánò oníná tó ní kíì 61 kò tó. Béèsì èyí tó pọ̀ nínú àwọn orin yìí máa lọ sísàlẹ̀ ju kíì àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wá èyí tó ní kíì 88 tó wúwo díẹ̀ lábẹ́ ìka, pẹ̀lú pẹ́dàlì ọ̀tún tó ń gbọ́ràn.

| Orin | Ọdún | Àkókò | Iṣẹ́ ọwọ́ òsì |
|---|---|---|---|
| Chopin, A major, Op. 28 No. 7 | 1839 | kò tó ìṣẹ́jú 1 | béèsì, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́ |
| Chopin, E minor, Op. 28 No. 4 | 1839 | bí ìṣẹ́jú 2 | kọ́ọ̀dù tó ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ |
| Chopin, B minor, Op. 28 No. 6 | 1839 | bí ìṣẹ́jú 2 | òun ló ń kọrin |
| Chopin, C minor, Op. 28 No. 20 | 1839 | kò tó ìṣẹ́jú 2 | octave láti ìbẹ̀rẹ̀ |
| Scriabin, C-sharp minor, Op. 9 No. 1 | 1894 | bí ìṣẹ́jú 3 | gbogbo rẹ̀ |
| Rachmaninoff, C-sharp minor, Op. 3 No. 2 | 1892 | ó ju ìṣẹ́jú 4 lọ | octave tó wúwo, títí dé ìlà mẹ́rin |

Ọdún tí àwọn ti Chopin jáde ni mo kọ. Ọdún tí wọ́n kọ àwọn yòókù ni ti àwọn yòókù.

A major, Op. 28 No. 7

Báà 16, Andantino (kò yára, kò sì lọ́ra jù), lílù mẹ́ta nínú báà kan bíi ti mazurka, ijó ilẹ̀ Pólàńdì tí wọ́n ti bí Chopin. Gbólóhùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ìlù kan náà sì ni gbogbo wọn gùn lé. Ọwọ́ òsì á gbé béèsì kan kalẹ̀, á wá gòkè lọ bá ọwọ́ ọ̀tún láti tẹ kọ́ọ̀dù, pẹ́dàlì á so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ti mọ ìwé orin kà máa mọ nóòtì rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Báà 12 ni ìdẹkùn wà. Kọ́ọ̀dù ńlá kan dúró síbẹ̀ tó fẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ kékeré lè ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kíákíá, kí pẹ́dàlì gbé e dúró, tàbí kí ọwọ́ òsì bá ọ̀tún gba nóòtì kan. Kò sẹ́ni tó máa fi yín sùn. Ohun tó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ìlù tó ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹjọ má dún bí ẹ̀rọ. Kọ́ọ̀dù báà 12 yẹn ni òkè orin náà: kí gbogbo ohun tó ṣáájú máa lọ síbẹ̀, kí gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn máa padà bọ̀.

Kò dára láti tẹ òun nìkan níwájú èrò. Wọn ò ní tíì jókòó tán tí ẹ máa ti dìde.

E minor, Op. 28 No. 4

Èyí ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ìdí sì wà. Largo (ó lọ́ra gan-an), báà 25, ojú ìwé kan. Ọwọ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan: B, C, B, C, B, lẹ́yìn náà B-flat, A. Ẹni tó bá wò ó á ní, ṣé kò ju báyìí lọ ni? Lókè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọwọ́ òsì ń tẹ kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta, mẹ́jọ nínú báà kan, báà lẹ́yìn báà. Kọ́ọ̀dù náà ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ àwọn ohùn inú rẹ̀ kì í jọ sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Ìka kan á yẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, àwọn tó kù á dúró; nígbà tó bá yá, ìka mìíràn á yẹ̀. Etí tí kò bá gbọ́ ìka tó yẹ̀, kó-kó-kó lásán ló máa gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń gbọ́ yín máa ṣe gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí orin tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tàbí ìkẹta lè tẹ nóòtì rẹ̀ pé pérépéré fi tún lè dún bí ẹni ń gbá pákó.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ má tẹ kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹjọ rárá lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dì í mú, ẹ dúró títí di ìgbà tí ohùn kan bá máa yí padà, kí ẹ wá gbé ìka tó kàn nìkan. Ẹ tẹ gbogbo ojú ìwé náà bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀ ẹ ó gbọ́ pé orin mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ òsì, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ léraléra. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, kí ìka má kúrò lórí kíì. Ẹ jẹ́ kí kíì gòkè díẹ̀, kó má gòkè tán, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe máa rọ̀. Ẹni tó bá ń gbé ọwọ́ sókè kó tó tẹ kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa bo ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, nóòtì gígùn ọwọ́ ọ̀tún sì ti ń kú lọ fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí ìka bá ti kàn án. Píánò kì í mú ohùn dúró. Ẹ tẹ B àkọ́kọ́ yẹn jìn ju bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ lọ.

Báà 16 sí 18 ni gbogbo nǹkan dìde: Chopin kọ stretto síbẹ̀, ìyára á máa pọ̀, ohùn á máa ga, ọwọ́ òsì á kúrò lójú kan tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bú gbàmù síbẹ̀ láìmúra sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó agbára jọ ní báà méjì ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, orin náà á rọ, á dákẹ́ pátápátá, àmì ìdúró sì wà lórí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ló kù. Ẹ má sáré kọjá ìdákẹ́jẹ́ náà nítorí ìtìjú. Bí ó bá dà bíi pé ó ti pẹ́ jù lójú yín, ó ṣeé ṣe kó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó.

Níbi ìsìnkú Chopin ní ṣọ́ọ̀ṣì La Madeleine ní Paris, ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 1849, Lefébure-Wély, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì náà, fi dùùrù ńlá tẹ orin yìí àti B minor tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu títí di òní. Kò bá yàrá aláriwo mu. Pp rẹ̀, ìyẹn ohùn tó rọ̀ gan-an, á sọnù sínú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, kò sì sí ìlù tó máa pe etí wọn padà.

B minor, Op. 28 No. 6

Èyí ni mo rò pé wọn kì í fún ní ọlá tó tọ́ sí i. Báà 26, Lento assai (ó lọ́ra gidi). Níhìn-ín, ọwọ́ òsì ló ń kọrin: ó á gbéra láti béèsì, á gun òkè, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀, bí ohùn sẹ́lò. Ọwọ́ ọ̀tún ló wá di olùrànlọ́wọ́, ó ń tẹ kọ́ọ̀dù kan náà ní méjì-méjì.

Ohùn rẹ̀ kò fẹ̀ jù, ọwọ́ kékeré lè ká èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ wà nínú ọpọlọ. Láti ọjọ́ tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ píánò ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni kó ké, òsì kó rọ̀. B minor ní kí ẹ yí i padà, kí ẹ sì yí i padà láìjẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún kú. Ẹ máa kọ ohùn ọwọ́ òsì lẹ́nu bí ẹ ṣe ń tẹ ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Ó rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Níbì kan láàárín, ọwọ́ ọ̀tún á gba orin náà fún ìgbà díẹ̀, á sì tún dá a padà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá etí yín ló ń darí ọwọ́ tàbí àṣà lásán ni.

Láàárín òun àti E minor, iye owó kan náà, ìwé kan náà, gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ ni pé E minor máa ń fi àṣìṣe hàn díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo báà. Ti B minor sì máa ń hàn lójú ẹsẹ̀, ní báà àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò jàǹfààní nínú B minor ju bí ó ṣe rò lọ, torí ó lè gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó fún irú àyẹ̀wò yẹn.

C minor, Op. 28 No. 20

Báà 13. Kọ́ọ̀dù ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún, octave lọ́wọ́ òsì. Báà mẹ́rin àkọ́kọ́ ń ké tagbára-tagbára, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e rọ̀, mẹ́rin ìkẹyìn tún gba ohùn kan náà ní pp kí ó tó dìde, kọ́ọ̀dù kan á sì ti gbogbo rẹ̀ pa. Rachmaninoff fẹ́ràn rẹ̀ débi tó fi kọ odindi Variations (ohùn kan tí a ń yí padà lónírúurú ọ̀nà), Op. 22, lé e lórí ní 1902 sí 1903.

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ká octave dáadáa, òun ló yá jù láti kọ́ nínú gbogbo wọn. Kò sí eré sísá, kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní pẹ́dàlì tirẹ̀, kódà píánò tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára lè gbé e jáde. Fún ẹni tí kò ká a, ẹ má ṣe é.

Nǹkan kan wà láti yẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ̀wé: kọ́ọ̀dù tó gbẹ̀yìn nínú báà 3. Àwọn ìtẹ̀jáde kan tẹ E síbẹ̀, àwọn mìíràn E-flat, wọ́n sì ti ń jiyàn lé e lórí tipẹ́. Ẹ gbọ́ méjèèjì, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì mọ ìdí, torí ẹni tó mọ orin náà máa bi yín. Èmi máa ń mú E-flat. Ó dúdú ju èkejì lọ.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé bí ẹ bá gbàgbé kọ́ọ̀dù kan nínú orin tó lọ́ra tó báyìí, kò síbi tí ẹ lè sá pamọ́ sí.

Raindrop ńkọ́?

D-flat major, Op. 28 No. 15. Ẹnìkan máa ń dárúkọ rẹ̀ ṣáá. Ó dára gan-an, àmọ́ báà 89 ni, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì gùn jù nínú Op. 28 lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Chopin kọ́ ló fún un ní orúkọ òjò yẹn. George Sand, òǹkọ̀wé obìnrin ará Faransé tí òun àti Chopin jọ lo ìgbà òtútù 1838 sí 1839 ní Valldemossa ní erékùṣù Majorca, ló sọ ìtàn òjò kan nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀, kò sì sọ prelude tí ó ń bá wí. Nóòtì A-flat kan ló ń lù jálẹ̀, tó di G-sharp (ibì kan náà ni wọ́n lórí píánò) nígbà tí orin náà wọ C-sharp minor láàárín. Ẹ fi sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá ti tẹ méjì nínú àwọn tó ṣáájú.

Scriabin

Op. 11 kún fún ohun tó kúrú, àwọn kan kò tó ìṣẹ́jú kan. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni No. 15 ní D-flat major: ọwọ́ òsì nìkan ló bẹ̀rẹ̀, tó ń tẹ nóòtì méjì-méjì pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọlé lẹ́yìn náà. Ó lọ́ra, ó sì dákẹ́. Àmọ́ ẹ má yan látinú Op. 11 láìkà á. No. 1 ń fi nóòtì márùn-ún-márùn-ún kọjá orí ìlà báà, No. 14 wà ní 15/8 (lílù kéékèèké 15 nínú báà kan), eré sísá sì ni. Ìwé rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti Chopin.

Op. 9 No. 1 ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò. Nígbà tí Scriabin wà ní ilé ẹ̀kọ́ orin Moscow Conservatory, ó ṣe ìdánrawò lórí àwọn orin líle Liszt àti Balakirev débi pé ó ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ léṣe. Ohun tó jáde nínú ìyẹn ni Prelude àti Nocturne (orin alẹ́), 1894, fún ọwọ́ òsì nìkan. Àtàǹpàkò ló ń kọrin lókè, àwọn ìka yòókù ló ń wá béèsì àti àárín, pẹ́dàlì ló sì ń parọ́ fún etí pé ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìdí tí pẹ́dàlì tó ń gbọ́ràn fi ṣe pàtàkì jù nìyí: bí ó bá já lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á tú.

Kì í ṣe orin olùbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, tàbí ẹni tí olùkọ́ ti ń rán létí lójoojúmọ́ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò jí, kò ní rí èyí tó dára jù ú lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kó máa sinmi lóòrèkóòrè, kó má lọ ṣe ọwọ́ òsì náà léṣe.

Rachmaninoff, C-sharp minor

Nóòtì mẹ́ta, A, G-sharp, C-sharp, tó wúwo, gbogbo yàrá á dákẹ́. Ọmọ ọdún 19 ni Rachmaninoff nígbà tó kọ ọ́. Rọ́ṣíà kò sí nínú àdéhùn Berne lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé nígbà náà, nítorí náà àwọn ilé ìtẹ̀wé òkè òkun tẹ̀ ẹ́ láìsan nǹkan fún un, orin náà sì di olókìkí kárí ayé lórí òfo rẹ̀. Títí ó fi dàgbà ni àwọn èrò ń pariwo pé kó tẹ̀ ẹ́, ó sì sú u.

Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ á rò pé ó ṣeé ṣe, òótọ́ sì ni: ojú ìwé yẹn lọ́ra, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí i dé àárín. Agitato (pẹ̀lú ìrusókè) bẹ̀rẹ̀, eré ìka tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìdúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin àkọ́kọ́ padà wá lórí ìlà orin mẹ́rin dípò méjì tí ìwé píánò sábà máa ń ní, ọwọ́ méjèèjì ń fò láti béèsì sókè pẹ̀lú kọ́ọ̀dù ńlá, ní ariwo tó ga jù tí píánò lè pa. Báà 62 ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ owó gidi tó máa ná yín ni oṣù tí ẹ máa lò lórí rẹ̀, bí ọwọ́ yín kò bá sì rọ̀, ọrùn ọwọ́ ló máa san ìyókù. Àwọn tó ń tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan nínú ilé ara wọn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, mi ò bá yín jà. Ẹ má kàn kọ orúkọ rẹ̀ sórí ètò ìpàdé.

Àwọn méjì mìíràn, ní ṣókí

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn níbi tí ẹ ti fẹ́ tẹ̀ ló máa tẹ Chopin, ẹ wo Prelude B minor, Op. 11 No. 1, ti Anatoly Liadov: ó kún fún ìbànújẹ́ tó mọ́, kò sì ṣe àṣehàn. Stephen Heller náà kọ prelude 24, Op. 81, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣeé fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń tẹ prelude fún ìgbà àkọ́kọ́, A major. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ píánò lágbà, tí ìka rẹ̀ kò yára ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ jí, E minor, kó sì lo àkókò tó pọ̀ lórí ọwọ́ òsì kó tó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń kọ́ fúnra rẹ̀, B minor. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi, tí wọ́n ní kó wá tẹ nǹkan níbi ìsìnkú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, C minor, kó má ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń lọ fún ìdánwò, kó kọ́kọ́ wo àkójọ orin tí àwọn olùdánwò fọwọ́ sí lọ́dún yẹn kó tó ra ohunkóhun. Ọwọ́ kan péré? Scriabin, Op. 9 No. 1. Rachmaninoff wà fún ẹni tó ti tẹ octave tó ń sáré fún ọdún mélòó kan, tó sì ní ẹni tó máa wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ nǹkan tó máa gba ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú èrò láìjẹ́ pé ẹ kọ́ orin gígùn kan, ẹ tẹ B minor, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá tẹ A major. Bí Chopin ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra nìyẹn, No. 6, lẹ́yìn náà No. 7.